T.B. Joshua: oníwàásù tó fi kámẹ́rà kọ́ ìjọ, àti awuyewuye tí ikú rẹ̀ kò parí

Ẹ dárúkọ T.B. Joshua láàárín àgbà mẹ́ta ní Kabba tàbí ní Ìyàrà, ìdáhùn mẹ́rin lẹ ó gbọ́. Ẹnì kan á ní wòlíì Ọlọ́run ni, ọmọ Àkókó tó tàn káyé. Èkejì á ní agbára òkùnkùn ló ń lò. Ẹ̀kẹta á kọ́kọ́ ní òun ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti kú, kó tó wá dá sí i títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ọkùnrin náà ti kú, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀, pàápàá láti oṣù Kìíní ọdún 2024 tí BBC gbé fídíò alápá mẹ́ta jáde nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ ariwo yẹn láìmọ ibi tó ti ṣẹ̀. Àwọn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní ìwọ̀-oòrùn Kogi ju bí a ṣe rò lọ. Àrígidì tí wọ́n ti bí i wà ní Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkókó sì bá Ìjùmú pààlà. Láyé tí ọ̀nà ṣì rọgbọ, tí ajínigbé ò tíì gba inú igbó, èèyàn lè jí kúrò ní Kabba lọ ná ọjà Ìkàrẹ́ kó sì padà wálé jẹ oúnjẹ alẹ́. A jọ ń fẹ́ra, a jọ ń sìnkú ara wa. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Òkun, ìyẹn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Kogi, fi ń pe Joshua ní ọmọ ilé, tí wọ́n sì máa ń bínú bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n bú bí àlejò bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìtòsí yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. "A mọ ibi tó ti wá" ni wọ́n máa ń wí, wọn ò sì ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tèmítọ́pẹ́ Balógun Joshua ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1963 ni wọ́n bí i. Ìjọ rẹ̀ máa ń sọ pé oṣù 15 ló lò nínú ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí lẹ mọ ojú tí ẹ ó fi wò ó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ kò ní ọlá nínú. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, ti àwọn Áńgílíkà, ní Àrígidì. Ó wọ sẹ́kọ́ńdírì, kò ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Ó forí lé Èkó, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sin adìẹ, ìgbẹ́ adìẹ ló ń kó. Ó fẹ́ wọṣẹ́ ológun, ó wọ rélùwéè lọ sí Kàdúná, ọkọ̀ náà bàjẹ́ ní Jẹ́bà, wọ́n wà níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àǹfààní yẹn sì bọ́. Jẹ́bà yẹn àti àwa, ìpínlẹ̀ Kwara kan náà la wà nígbà náà, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Ká ní rélùwéè Nàìjíríà kì í bàjẹ́ ni, bóyá ọ̀gá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni Joshua ì bá dà, a ò sì ní mọ̀ ọ́n rárá.

Ní 1987 ló dá ìjọ sílẹ̀ ní Èkó, ìjọ tó wá di Synagogue, Church of All Nations, tí wọ́n ń gé kúrú sí SCOAN. Ìkòtún-Ẹ̀gbẹ́ ló wà (Ẹ̀gbẹ́ ti Èkó o, kì í ṣe Ẹ̀gbẹ̀ tiwa ní Yàgbà). Wọ́n ní èèyàn mẹ́jọ péré ló fi bẹ̀rẹ̀.

Wòlíì ò wọ́n ní Èkó nígbà náà. Aládùúrà wà, Sẹ̀lẹ́ wà, àwọn tó ń gun orí òkè wà. Ohun tó ya Joshua sọ́tọ̀ ni pé ó tètè mọ iṣẹ́ tí kámẹ́rà lè ṣe. Ìjọ rẹ̀ ń ká ìsìn sórí káṣẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń kó o fún àlejò, àlejò ń gbé e lọ sókè òkun. Irú káṣẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ló dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi gbéra wá sí Ìkòtún, tí wọ́n di ọmọ ẹ̀yìn tó ń gbé inú ọgbà ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó bá wo fídíò wọ̀nyí rí kò ní gbàgbé. Àwọn aláìsàn á tò lọ gbọọrọ. Oníkálukú gbé páálí sáyà, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ àìsàn rẹ̀ sí i. Ẹlòmíràn á ká aṣọ sókè, kámẹ́rà á sì súnmọ́ egbò náà débi pé ẹni tó ń jẹun nílé á gbé abọ́ sílẹ̀. Wòlíì á wá máa kọjá. Kì í pariwo tó bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Á na ọwọ́ láìfọwọ́ kan aláìsàn, aláìsàn á gbọ̀n, á ṣubú, àbí kó máa bì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, wọ́n á bi í bó ṣe ń ṣe é. Á ju ọ̀pá tó fi ń rìn sílẹ̀. Àtẹ́wọ́ á sọ. Fídíò á já níbẹ̀, ẹlòmíràn á bọ́ síwájú.

Níbi tó ti ń já yẹn ni èmi rò pé ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹnì kan ní Ìyámoyè bá ní òun rí ìwòsàn lórí òkè àdúrà, a mọ ilé baba rẹ̀. Tó bá di ọdún iṣu tó ń bọ̀, a ó pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, a ó sì rí i bóyá ó ṣì ń tiro. Kò sẹ́ni tó máa ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá, ojú gbogbo wa ni ẹ̀rí. Tẹlifíṣọ̀n kò ní ọdún iṣu tó ń bọ̀.

Àjọ NBC, tó ń mójú tó iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, gbìyànjú láti dí àlàfo yẹn. Wọ́n fún àwọn ilé iṣẹ́ ní gbèdéke: bó bá ti di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2004, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí sórí afẹ́fẹ́ mọ́. Àwọn oníwàásù kan ní inúnibíni ni. Àwọn mìíràn ní ó ti pẹ́ jù.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sáré kọjá níbí, bẹ́ẹ̀ ibí gan-an ló ti yí padà. Òfin náà lé Joshua kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n abẹ́lé, orí sátẹ́láìtì ló sì lé e lọ. Ní 2006 ló dá Emmanuel TV sílẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Tẹ́lẹ̀, àkókò ló ń rà lórí ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn, olóòtú ilé iṣẹ́ náà sì lè ní kó yọ ibì kan kúrò. Láti ìgbà yẹn, òun ló ni kámẹ́rà, òun ló ni olóòtú, òun ló ni ìkànnì. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn kékeré mọ́ ọn, ó fọ́ ògiri gba ìta. Mi ò sọ pé kí NBC má ti ṣe òfin o. Ohun tí mo ń wí ni pé bí a ò bá mẹ́nu ba òfin 2004, a ò ní mọ bí ọmọ Àrígidì kan ṣe di ẹni tí wọ́n ń wò ní Kòlóńbíà.

Díìṣì ló gbé e wọ ọ̀dọ̀ tiwa. Ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, ní Kabba, ọmọ tó wà ní Èkó tàbí Àbújá ló máa ń ra dikódà fún àwọn òbí rẹ̀ nílé. Bí wọ́n bá mú iná wá, àwọn ìyá á yí i sí Emmanuel TV, wọ́n á gbé ìgò omi síwájú tẹlifíṣọ̀n. Tí wòlíì bá ní kí wọ́n fọwọ́ kan ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fọwọ́ kàn án, ọmọ tó wà lẹ́yìn náà á na tirẹ̀. "Jíjìnnà kì í ṣe ìdènà" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tún sọ ṣáá lórí ìkànnì náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyá kan náà á wé gèlè ẹgbẹ́, á gba ECWA lọ, àbí Áńgílíkà, àbí Kátólíìkì. Kò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Pásítọ̀ rẹ̀ ló rí i.

Ìjà tí pásítọ̀ rí yẹn ní gbòǹgbò, pàápàá ní ilẹ̀ Yàgbà. Tommy Titcombe, òyìnbó tó ti Kánádà wá, dé ilẹ̀ Yàgbà ní 1908 lábẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SIM. Iṣẹ́ wọn ló di ECWA. Ìhìn rere tí wọ́n mú wá kò dá rìn. Ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀ tẹ̀ lé e, títí àwọn aláìsàn fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀. Àdúrà ń lọ, abẹ́rẹ́ ń lọ. Ara ẹni bá yá, ó wà nínú fáìlì. Ẹni tó dàgbà nínú irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wá fi hàn án lórí tẹlifíṣọ̀n pé jẹjẹrẹ lọ láàárín ìṣẹ́jú méjì, ohun àkọ́kọ́ tó máa béèrè ni èsì àyẹ̀wò. Kì í ṣe pé Òkun ò gba iṣẹ́ ìyanu gbọ́. CAC wà káàkiri ilẹ̀ wa, ìtàn Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Òdó-Ọ̀wá tí ìsọjí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, ò sì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n Babalọlá ò ní olóòtú fídíò.

Àwọn oníwàásù ńlá ẹlẹgbẹ́ Joshua náà yẹra fún un. PFN, ẹgbẹ́ àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́stì, kò gbà á mọ́ra títí ó fi kú. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé àwọn ò mọ ẹni tó kọ́ ọ, àwọn ò sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ ti wá. Èyí ò dí i lọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn olóṣèlú. Atta Mills tó di ààrẹ Ghana wá dúpẹ́ ní Ìkòtún lẹ́yìn tó wọlé ìbò. Ìjọba Nàìjíríà fún un ní oyè OFR ní 2008. Ó wàásù ní pápá ìṣeré Azteca ní Mẹ́síkò ní 2015, ó wàásù ní Násárẹ́tì ní 2019.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òótọ́ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, torí lawọ́lawọ́ ni. Ó ń pín ìrẹsì, ó ń san owó ilé ìwé ọmọ tálákà, ó ra tíránsífọ́mà fún àwọn ìlú ní Àkókó tí òkùnkùn ti bò. Tíránsífọ́mà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ní apá ibí. Ìlú tó ti wà lókùnkùn fún oṣù gbọọrọ, tí ẹnì kan wá tanná sí, ẹ má retí pé kí wọ́n bá yín bú ẹni náà.

Àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 2016 ó ní òun rí obìnrin tó wọlé ìbò Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìbò tó sún mọ́ra; Trump ló wọlé, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí Facebook. Ní 2020 ó ní kòrónà á ti lọ kí ọjọ́ 27 oṣù Kẹta tó kọjá. Ẹ rántí bí oṣù Kẹrin ọdún yẹn ṣe rí.

Ohun tó wúwo jù kí ó tó kú ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014. Ilé alájà tí àwọn àlejò ń gbé nínú ọgbà ìjọ wó lulẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 116 ló kú, ará Gúúsù Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọ náà tún gbé kámẹ́rà síta: wọ́n fi fídíò kan hàn tí bàálù ń fò kọjá lórí ilé náà ṣáájú kó tó wó, wọ́n ní kí a wá nǹkan kan níbẹ̀. Kọ́rónà ìpínlẹ̀ Èkó, ìyẹn adájọ́ tó ń wádìí ikú, kò rí bàálù rò. Ní 2015 ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà ló bàjẹ́, pé kò níwèé àṣẹ ìkọ́lé, ó sì ní kí wọ́n gbé ìjọ náà lọ sílé ẹjọ́. Joshua fúnra rẹ̀ kò yọjú síwájú kọ́rónà náà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, YouTube ti ìkànnì Emmanuel TV pa, ìkànnì tí àwọn tó ń tẹ̀ lé e lé ní mílíọ̀nù kan. Fídíò tó dá wàhálà sílẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti ń lé ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀mí ìbálòpọ̀ akọsákọ àti abosábo jáde lára àwọn èèyàn, tí wọ́n sì ń lù wọ́n, tí wọ́n ń ti àwọn kan ṣubú. Ẹ wò ó bí ayé ṣe yí: ọdún 2004, ọ́fíìsì ìjọba ní Àbújá ló ń pinnu ohun tí a lè wò, ọdún 2021, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni. Ìjọ náà ní kí YouTube tún ìpinnu náà gbé yẹ̀wò. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn tí Joshua fi kú, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọdún 58. Àrígidì fẹ́ kí wọ́n gbé e wálé wá sin. Ìjọ kọ̀, inú ọgbà ní Ìkòtún ni wọ́n sin ín sí ní oṣù Keje, ìyàwó rẹ̀, Evelyn Joshua, sì gba ipò olórí ìjọ.

Fídíò BBC tí ariwo rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀ ló wá tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ọdún méjì ni àwọn àti ilé iṣẹ́ ìròyìn openDemocracy fi wádìí. Wọ́n bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn àtijọ́ tó lé ní 25 sọ̀rọ̀, láti Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì, Ghana, Gúúsù Áfíríkà àti ibòmíràn. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà kò ṣeé gbọ́ sétí: ìfipábánilòpọ̀, fífi ipá mú obìnrin ṣẹ́yún, nínà lẹ́gba, àti pé fún nǹkan bí ogún ọdún ni ó fi lọ. Àwọn kan tó bá a ṣe iṣẹ́ fídíò ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìyanu náà jẹ́ àdàmọ̀dì, pé wọ́n máa ń bu iyọ̀ sí àìsàn tó wà lórí páálí kó tó dé iwájú kámẹ́rà. Ìjọ náà ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Emmanuel TV kúrò lórí DStv àti GOtv.

Àwọn ará ilé ń bi mí pé kí ló dé tí ọlọ́pàá ò ṣe mú ẹnì kan. Òfin Nàìjíríà kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn fún òkú. Bí ẹ̀sùn bá kan ẹni tó ṣì wà láàyè, ìyẹn ṣeé wádìí. Ti Joshua fúnra rẹ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tó máa dá a lẹ́bi tàbí dá a láre mọ́. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé fídíò ìjọ ni àwọn kan ń gbé síta, tí àwọn kan ń gbé ti BBC, tí oníkálukú ń gba èyí tó wù ú gbọ́. Èmi ò lérò pé èèyàn tó lé ní 25, láti orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, á jókòó hun irọ́ kan náà. Mo sì mọ àwọn olóòótọ́ èèyàn nílẹ̀ wa tó ní omi ìgò yẹn ló wo ọmọ àwọn sàn, tí mi ò lè wò lójú kí n sọ pé wọ́n ń purọ́.

Ohun tó ń lọ báyìí ti kọjá Joshua. Dikódà ti ń gba eruku, fóònù ni gbogbo èèyàn ń wò. Ètò ààbò tó bàjẹ́ ní Kogi West sì tún dá kún un, torí ìrìn àjò sí ìsìn ńlá ti di ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan ní Èrúkù, Kwara, tí kò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ̀ tiwa. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ. Ìjọba ní gbogbo àwọn 38 tí wọ́n kó ni wọ́n padà gbà sílẹ̀. Ìsìn náà ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ni, gbogbo ayé sì rí i bí àwọn èèyàn ṣe ń sá sábẹ́ àga. Kò sí olóòtú kankan níbẹ̀ láti gé e.

Lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò yani lẹ́nu bí ìyá àgbà kan bá ní ìsìn orí Facebook tó òun. Àwọn wòlíì tuntun sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó ń wò wọ́n, wọ́n ń pe nọ́ńbà àkáǹtì, wọ́n ní ẹni tó bá fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú yìí, oyún rẹ̀ ti dúró. Òfin NBC tí wọ́n ṣe ní 2004 kàn ilé iṣẹ́ tó bá gba láìsẹ́ǹsì. Ilé iṣẹ́ rédíò ní Lọ́kọ́jà lè san owó ìtanràn tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ lórí TikTok láti inú yàrá rẹ̀ kò gba láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, NBC ò sì lè fi òfin yẹn mú un.